Lumen mélòó ló tó? Ìbéèrè yín lórí iná iwájú kẹ̀kẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, mẹ́ta nínú wọn ló dá lórí iná iwájú kẹ̀kẹ́, ni mo bá kó wọn sójú kan. Lumen tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ka bí iná tó ń jáde lára láìtì ṣe pọ̀ tó. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Hackney, Edmonton ni mò ń gbé. Bọ́ọ̀sì òru ti sú mi, mo bá ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà etí odò Lea ni mò ń gbà torí pé mọ́tò ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Láìtì tí mo rà ní £9, táyà ara mi nìkan ni mo fi ń rí. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí 400 lumen, mo rí 1,200, mo tún rí ọ̀kan tí wọ́n ní 10,000 ni, owó ẹ̀ ò sì tó £20. Ọkọ mi ní kí n ra èyí tó pọ̀ jù kí ọ̀rọ̀ tán. Èwo ni kí n mú? — Ìyá Ìbejì, Edmonton, London

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ ṣọ́ yín bọ̀. Ẹ má ra 10,000 yẹn o, ẹ jọ̀ọ́, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ lumen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé, tí mo bá rí nǹkan lójú ọ̀nà báyìí, màá ṣì lọ jìnnà tó báwo kí kẹ̀kẹ́ tó dúró? Tí iná yín ò bá tàn dé ibẹ̀, ẹ máa ti kọ lu nǹkan náà kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ wò ó. Ká ní ìwọ̀n kìlómítà 15 ní wákàtí kan lẹ fi ń wa kẹ̀kẹ́, tó jẹ́ ìwọ̀n tó dáa fún etí odò lóru, mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ lẹ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà pé nǹkan ni, kí ọwọ́ tó tẹ bíréèkì, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá méjì sí i, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró sídìí àwọn arúgbó mọ́jú, ojú yín ò lè yá bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mítà mẹ́jọ ti lọ nìyẹn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, bíréèkì náà á wá gba mítà méjì sí mẹ́ta tilẹ̀ bá gbẹ, tó bá jẹ́ orí ewé tútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn ńkọ́, ó lè ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sí títì tẹ́ ẹ sáré dé 25, mítà 14 fún ojú àti ọwọ́, mítà mẹ́fà fún bíréèkì, ogún mítà ni. Torí náà iná tó yẹ yín ni èyí táá fi ogún mítà iwájú hàn yín kedere, kó sì kù díẹ̀ lórí ẹ̀ nítorí òjò.

Ibi tí lumen ti ń tan èèyàn jẹ rèé. Lumen ni gbogbo iná tó jáde lẹ́nu láìtì, ibi yòówù kó dà sí, ojú ọ̀run ni o, inú odò ni o, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni o. Lux ni wọ́n fi ń wọn iná tó bà lé ibi kan pàtó. Ẹ fi ṣe garawa omi méjì tó dọ́gba, ẹnì kan da tiẹ̀ káàkiri àgbàlá, ẹnì kejì fi tiẹ̀ rin ìdí ewéko kan ṣoṣo, omi kan náà ni wọ́n pọn, àmọ́ ilẹ̀ ta ló máa tutù dénú? Iná sì tún ń tàn kálẹ̀ bó ṣe ń lọ ni, tí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ló máa kù tó ń dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí láìtì £9 yẹn fi ń tàn yòò sórí táyà yín tó wá kú sójú ọ̀nà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá tuntun, ẹ wo bí iná náà ṣe rí lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń tàn róbótó bíi tọ́ọ̀ṣì, àti èyí tí wọ́n gé orí ẹ̀ bíi ti mọ́tò, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń da gbogbo iná ẹ̀ sí, tí òkè ẹ̀ dúdú. Àwọn ará Jámánì ló ṣòfin pé irú ìyẹn ni kí wọ́n máa lò, lọ́dọ̀ wọn iná kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó lux 10 ó kéré tán ní mítà 10 síwájú. StVZO, ìyẹn orúkọ òfin náà, lẹ máa rí lára páálí ẹ̀, lára láìtì fúnra ẹ̀ ẹ máa rí ìlà kékeré bí ìgbì omi, lẹ́tà K á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà á tẹ̀ lé ìyẹn. Wọ́n ń tà á ní London dáadáa. Èyí gan-an lọkàn mi yàn fún yín, torí pé àwọn tó ń mú ajá rìn, àwọn tó ń sáré ìdárayá, àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wọn ló wà létí odò yẹn, ọ̀nà ibẹ̀ sì há. Tẹ́ ẹ bá fi iná róbótó ńlá fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, kò ní ríran fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà gan-an ló lè yà sí, omi sì ń bẹ lápá kejì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ìyẹn dáadáa.

Tó bá jẹ́ ti Jámánì lẹ máa rà, ẹ mú èyí tó tó lux 50 sókè. Tó bá jẹ́ róbótó lẹ rí, 500 sí 800 lumen tó, ó sì gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tó ń dín in kù, kẹ́ ẹ dín in kù nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí èèyàn. Bíi £30 sí £60 lẹ máa ná. Àléébù kan wà lára èyí tí wọ́n gé orí ẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín: kì í fi ẹ̀ka igi tó so kọ́ hàn, kì í sì í fi òkè abẹ́ bíríìjì hàn, bíríìjì tó wálẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà odò yẹn, torí náà ẹ rọra tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ abẹ́ bíríìjì, ẹ tẹ orí ba.

Ó wá ku 10,000 yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn láìtì olówó pọ́ọ́kú yìí, bátìrì kékeré róbótó kan ló wà nínú wọn, 18650 lorúkọ ẹ̀, torí pé ìbú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 18, gígùn ẹ̀ 65. Ojúlówó ẹ̀ tó ní agbára 2,600 mAh (mAh ni wọ́n fi ń ka bí agbára tí bátìrì lè tọ́jú ṣe pọ̀ tó), iná tó lè gbé kò ju wáàtì mẹ́wàá lọ fún wákàtí kan. Láìtì tó dáa máa ń mú bí ọgọ́rùn-ún lumen jáde nínú wáàtì kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: nǹkan bí 1,000 lumen fún wákàtí kan, tàbí 500 fún wákàtí méjì, tàbí 250 fún mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí oògùn tó lè mú un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wá kọ 10,000 sára ẹ̀, tó tún kọ pé wákàtí mẹ́rin ló ń lò, irọ́ ló pa. Bí wọ́n bá kọ 9,900 mAh sára ẹyọ bátìrì 18650 kan náà, irọ́ nìyẹn náà, kò sí irú ẹ̀ láyé. Èmi fúnra mi ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 6,000 sí nígbà kan lọ́wọ́ oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ìṣẹ́jú 40 péré ló lò tó fi kú lójú ọ̀nà oko kan, mi ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara mi, mo sọ̀kalẹ̀ mo ń fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ títí mo fi rí iná ilé kan lókèèrè. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn débi pé àtìgbà náà ni mo ti ń ṣírò bátìrì kí n tó sanwó. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ jẹ́ káwọn náà bá yín ṣe ìṣirò yìí, ìfẹ́ ló mú kí wọ́n sọ pé kẹ́ ẹ ra èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ rántí pé tó bá di oṣù Kejìlá ní London, oòrùn á ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sì ní yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, àlọ àti àbọ̀ yín inú òkùnkùn ni méjèèjì, òtútù sì tún ń jẹ nínú agbára bátìrì. Èyí tó bá lè lo wákàtí méjì ó kéré tán ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa ń lò gan-an ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe wákàtí tó lè lò níbi tó kéré jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi wákàtí púpọ̀ fa ojú oníbàárà. Kẹ́ ẹ ti dé ibiṣẹ́ kẹ́ ẹ ti ki í bọ iná. Kẹ́ ẹ ní kékeré kan sínú báàgì pẹ̀lú, ẹ̀mí lèyí o. Ní ti òjò, ẹ wo IPX lára páálí, IPX4 ń gba omi tó ń ta sí i lára, IPX6 ń gba omi tó ń tú lé e lórí gidi.

Òfin UK ní tiẹ̀ ò béèrè pé kẹ́ ẹ ríran, ó kàn fẹ́ kí wọ́n rí yín ni: iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, láti ìgbà tóòrùn bá wọ̀ títí tó fi máa yọ, pẹ̀lú gíláàsì pupa tó ń dán lẹ́yìn, àti aláwọ̀ òféèfé lára pẹ́dàlì tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1985. Wọ́n gba iná tó ń ṣẹ́jú láàyè pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má lò ó létí odò tí kò níná, ojú ò ní lè mọ ibi tí nǹkan wà gan-an, ṣe ni ọ̀nà á máa fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ níwájú yín.

Tẹ́ ẹ bá ti so ó mọ́ háńdù, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí mítà márùn-ún sí ògiri kan, kẹ́ ẹ tẹ iná náà wálẹ̀ títí àárín ẹ̀ á fi wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 nísàlẹ̀ ibi tí láìtì fúnra ẹ̀ ga dé. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ibi ogún mítà ló máa bà sí lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tó ṣókùnkùn, ẹ fi sálúbàtà dúdú kan sílẹ̀, ẹ rìn bí ìṣísẹ̀ 30 padà sẹ́yìn, ẹ tan iná. Ṣé ẹ rí sálúbàtà náà? Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ dá láìtì náà padà fún ẹni tó tà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò lè gbé mì. Iná tó dáa ò ní kí ọ̀nà etí odò di ibi tó yẹ kí obìnrin nìkan máa gbà láago márùn-ún ìdájí. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Cycleway 1, láti Tottenham ló ti gba inú Hackney lọ títí dé City láàárín London, títì inú àdúgbò tó níná ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣọlidé. Níbi tí iná títì bá wà, 200 sí 400 lumen tó yín, torí iná títì ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìyẹn á tún dín owó láìtì kù.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú àtìjọ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́ ní Bódìjà, Mọ́níyà ni mò ń sùn, a kì í sì í parí kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù. Fóònù mi ni mo fi rọ́bà so mọ́ háńdù kẹ̀kẹ́, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ni mo fi ń ríran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo já sí kòtò lẹ́yìn Ọ̀jọ́ọ̀, fóònù fò lọ, ojú ẹ̀ fọ́, orúnkún mi bó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí. Ṣé ìyẹn á ṣe é? NEPA ò sì fún wa níná tó. — Ọmọ Iṣẹ́ Télọ̀, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ fún orúnkún, pẹ̀lẹ́ fún fóònù. Ẹ̀bi ẹ kọ́ ni pé o ò rí kòtò náà. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ò ní nǹkan tó ń kó iná jọ síwájú, fọ́tò ẹni tó dúró sítòsí ni wọ́n ṣe é fún, torí náà ó ń tàn káàkiri, tó bá fi máa dé mítà mẹ́wàá kò sí nǹkan kan mọ́. Má so fóònù mọ́ ọn mọ́.

Ti tọ́ọ̀ṣì orí, ó dáa fún ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kì í ṣe fún ọ̀nà Mọ́níyà. Wo ìdí ẹ̀: bá a ṣe ń mọ kòtò lóru, òjìji ẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Tí iná bá wà nísàlẹ̀ lára háńdù, á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, etí kòtò á dá òjìji dúdú sílẹ̀ nínú kòtò, ojú ẹ tó wà lókè á sì rí i. Àmọ́ tí iná bá wà níwájú orí, ibi tí iná ti ń jáde àti ibi tí ojú ẹ wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà, òjìji náà á fara pamọ́ sẹ́yìn, ilẹ̀ á wá dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ á máa dá iná náà padà sí ẹ lójú, ṣe ló máa dà bí ẹni wọ inú èéfín. So láìtì mọ́ háńdù, tó bá ṣeé ṣe kó tiẹ̀ wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, lórí fóòkì tó di táyà iwájú mú.

Ìwọ ní tìẹ, 400 lumen gidi tó, tó bá ti lè kó iná jọ síwájú, kó o sì máa rọra wa kẹ̀kẹ́ níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Kà á sí i pé lọ́jọ́ òjò, iná èyíkéyìí tó o bá ní á dà bí ìdajì, torí títì tó tutù máa ń dà bíi dígí, iwájú ló ń ta iná lọ, kì í dá a padà sọ́dọ̀ ẹ, ìdí nìyẹn tí títì fi máa ń dúdú kirikiri lẹ́yìn òjò, kòtò tó kún fómi sì máa ń dà bí ọ̀dà tó dán. Ibi tó bá ń dán jù lọ́jọ́ òjò, yà fún un.

Kó o tó sanwó lọ́jà, ní kí wọ́n bá ẹ ṣí ìdí ẹ̀, kó o rí bátìrì. Èyí tí bátìrì ẹ̀ ṣeé yọ ni kó o rà, kó o lè ní méjì, ọ̀kan nínú láìtì, ọ̀kan nílé, tí NEPA bá mú iná wá lóru kó o ṣáájì èkejì. Gbé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, ojúlówó 18650 máa ń wúwo tó bíi gíráàmù 45, ayédèrú máa ń fúyẹ́ bí ẹni gbé páálí. Èyí tó ń lo okùn ṣájà fóònù ló dáa, kó o lè fi power bank tún un ṣe níṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ.

Má gbàgbé ẹ̀yìn o. O ò mẹ́nu ba iná pupa rárá nínú lẹ́tà ẹ, àwọn ọlọ́kadà àti dáńfó tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Tówó ò bá tíì tó fún méjèèjì, ra kékeré pupa kan fún ẹ̀yìn lónìí, kó o máa bá ẹlòmíì gun mọ́tò títí wàá fi rí ti iwájú rà. Tí mọ́tò bá sì tan fúùlù láìtì sí ẹ lójú, má wò ó, etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ ni kó o tẹjú mọ́ títí tó fi máa kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti 1972. Ìyá Ìbejì tó wà ní London, ọwọ́ òsì ni tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Raleigh kan tí mo ti ń gùn láti ìgbà èwe mi, dáínámò ẹ̀ ṣì wà lára táyà. Iná ẹ̀ ò mọ́lẹ̀ mọ́, tí mo bá sì dúró ó ń kú. Ọmọ mi ní kí n jù ú nù kí n ra ti bátìrì. Ṣé mo lè fi gílóòbù LED sí i? — Bàbá Arúgbó, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú nǹkan. Ẹ má jù ú nù. Irú dáínámò yẹn, fóòtì (volt) mẹ́fà àti wáàtì mẹ́ta ló sábà máa ń gbé, wáàtì 2.4 fún iwájú, 0.6 fún ẹ̀yìn. Gílóòbù àtijọ́, ooru ló ń fi púpọ̀ nínú ìyẹn ṣe, iná díẹ̀ ló ń kù. Láìtì LED tí wọ́n ṣe fún dáínámò ń fi wáàtì kan náà tàn ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, àwọn kan sì ní nǹkan kékeré nínú tó ń tọ́jú iná pamọ́, tẹ́ ẹ bá dúró á ṣì máa tàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé èyí tí wọ́n kọ dáínámò sí lára ni kó wá o, kí wọ́n má gbé ti tọ́ọ̀ṣì bátìrì sí i, torí iná dáínámò ń yí padà síwá sẹ́yìn, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń sáré sí i ló ń lágbára sí i, á sun ún.

Kẹ́ ẹ tó náwó kankan ṣá, wáyà kan ṣoṣo ló máa ń jáde lára irú dáínámò yẹn, irin kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń dá iná padà. Tí ìpáàrà tàbí ọ̀dà bá ti bo ibi tí ṣúrúù dáínámò ti kan irin, tàbí ibi tí láìtì ti kàn án, iná ò ní rí ọ̀nà gbà. Ẹ ní kí ọmọ náà tú ṣúrúù méjèèjì, kó fi sáńdípépà ha ibẹ̀ títí irin á fi máa dán, kó dì í padà kó le dáadáa, kó wá yí táyà kẹ́ ẹ wò ó.